Láti Plymouth dé Ìkògòsì

Ní 1890, Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, ó lọ kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Plymouth ló ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ G. D. Bellamy tí omi ìlú náà wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ó padà dé ní 1893. Nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ máa gba owó omi ẹ̀rọ lọ́wọ́ ará Èkó, ó wà lára àwọn tó kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó mọ bí omi ṣe ń wọ ìlú kò ṣeé fọ̀rọ̀ dídùn tàn.

Ó pẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ ẹnjiníà tó dé Nàìjíríà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ẹnjiníà ní 1955, Yunifásítì Èkó dá ẹ̀ka ẹnjiníà sílẹ̀ ní 1964, Ifẹ̀ ní 1970, Àkúrẹ́ sì tẹ̀ lé e ní 1981. Ní 1982, Políteknííkì ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Jos kó wá sí Adó-Èkìtì. Ọdún yẹn náà ni ìjọba Adékúnlé Ajásin dá yunifásítì sílẹ̀ níbẹ̀. Ti Afẹ́ Babalọlá dé ní 2009, ti Ọ̀yẹ́ sì dé ní 2011.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan tó wà ní Ìjerò, Àrámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n ní Èkìtì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń kọ́ni. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, orí òkè ni ìlú wà: bí òjò bá ti rọ̀, àgbàrá a sáré wálẹ̀, a máa gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ ilé. Gọ́tà tí kò ronú nípa ibi tí omi máa bọ́ sí, ńṣe ló ń dá kún un. Ní Ìjerò àti Àrámọkọ, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí rẹ̀ àti inú àlàfo àpáta nìkan lomi ń sá sí. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń ti iná mànàmáná díẹ̀ sínú ilẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ: ibi tó bá ti rọ̀ tó sì tutù, iná a kọjá wẹ́rẹ́, àpáta gbígbẹ kì í gbà á. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ láìwò, owó rẹ̀ ló rì.

Ìkògòsì, ní Èkìtì kan náà, wá yàtọ̀. Omi òjò a wọ àlàfo àpáta lọ jìnnà sísàlẹ̀, ooru ilẹ̀ a mú un, a tún sun jáde ní bí ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó tó lọ pàdé omi tútù.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ẹ mú un lọ síbẹ̀ kó tó kọ JAMB, kó ki ọwọ́ bọ omi méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé.