Nígbà tí Eré Di Ìjà: Ìrìn Àjò Springboks sí New Zealand ní Ọdún 1981

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀húrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ New Zealand mu ní ọdún 1981, nígbà tí àwọn Springboks, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rọ́gíbì orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, lọ bá wọn díje níbẹ̀ fún ọjọ́ 56. Eré ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n kí eré náà tó parí, ọ̀rẹ́ ti kọ ọ̀rẹ́, àwọn ará ilé kan náà kò lè jùmọ̀ jẹun mọ́, kóńdó ọlọ́pàá sì ti ba orí ọmọ ìlú.

Eré rọ́gíbì yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ rí gbọọrọ bí ẹyin. Ènìyàn 15 ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi gbé e sáré. Láti ọdún 1921 ni All Blacks ti New Zealand àti Springboks ti ń bá ara wọn figagbága, kò sì sí orogún tí ọ̀kan kà sí tó èkejì.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti wọ inú eré náà. Àwọn Maori ni ọmọ onílẹ̀ ní New Zealand, akọni sì ni wọ́n nínú rọ́gíbì. Síbẹ̀, nítorí pé Gúúsù Áfíríkà kò fẹ́ wọn, kò sí Maori kan nínú ẹgbẹ́ tí New Zealand rán lọ síbẹ̀ ní 1960, bí ọ̀pọ̀ ará ìlú tilẹ̀ pariwo pé bí kò bá sí Maori, kí ìrìn àjò má ṣe sí. Ní 1970, Gúúsù Áfíríkà gbà kí àwọn Maori wá, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn yóò kà wọ́n sí òyìnbó àfidánilọ́lá. Irú ọlá wo ni èyí tí ènìyàn kò lè gbà àfi bí ó bá kọ́kọ́ sẹ́ ara rẹ̀? Ní 1973, Norman Kirk, olórí ìjọba New Zealand, dá ìrìn àjò tí Springboks fẹ́ wá ṣe dúró.

Ọdún 1976 ni ọ̀ràn náà kan ilẹ̀ Áfíríkà lápapọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Soweto, nítorí pé wọ́n kọ̀ kí a máa fi èdè Afrikaans kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ní tipátipá. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà kò tí ì gbẹ tí All Blacks fi gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ náà láti wá gbá bọ́ọ̀lù. Ìgbìmọ̀ Gíga fún Eré Ìdárayá ní Áfíríkà, tí Abraham Ordia, ọmọ Nàìjíríà, jẹ́ ààrẹ rẹ̀, fi ẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní kí a lé New Zealand kúrò nínú Ìdíje Òlíḿpíìkì ní Montreal. Àwọn aláṣẹ Òlíḿpíìkì kọ̀. Wọ́n ní rọ́gíbì kò sí lára eré tiwọn. Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó lé ní ogún bá yọwọ́ kúrò. Àwọn eléré tí ó ti fi ọdún mẹ́rin gbára dì pàdánù àǹfààní tí àwọn mìíràn nínú wọn kò tún ní mọ́ láyé. Ní 1978, Nàìjíríà tún kọ̀ láti lọ sí Ìdíje Commonwealth ní Edmonton nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Owó iyebíye ni wọ́n san.

Láàrin àwọn ọdún méjèèjì yìí, ní 1977, àwọn olórí Commonwealth ṣe àdéhùn ní Gleneagles, ní Scotland, pé àwọn yóò gbìyànjú láti dènà ìbáṣepọ̀ eré pẹ̀lú Gúúsù Áfíríkà. Robert Muldoon, olórí ìjọba New Zealand, fi ara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 1981 dé, ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láti pàṣẹ fún ẹgbẹ́ eléré. Ìlẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ fún Springboks.

Oṣù Keje ni wọ́n dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ní ìlú Hamilton, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ya ọgbà wọ orí pápá, wọ́n so ọwọ́ pọ̀, wọn kò sì kúrò. Ìròyìn tún dé pé ẹnì kan ti jí ọkọ̀ òfuurufú kékeré gbé, ó sì ń fò bọ̀ wá sí pápá náà. Wọ́n pa eré náà rẹ́. Inú bí àwọn òǹwòran, wọ́n sì ń ju ìgò lu àwọn afẹ̀hónúhàn. Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn tí ó jí ní òru láti wo eré lórí tẹlifíṣọ̀n rí ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀: òyìnbó ẹgbẹ́ wọn ń fi ara wewu nítorí ènìyàn dúdú. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá fi kóńdó lu àwọn afẹ̀hónúhàn ní òpópónà Molesworth ní Wellington. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń dé akoto jáde, tí a sì ń fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí pápá ká.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńlá mẹ́ta ni àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì gbá. New Zealand fi àmì 14 sí 9 borí ní Christchurch. Springboks gbẹ̀san ní Wellington pẹ̀lú 24 sí 12. Ẹ̀kẹta wáyé ní Auckland ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án. Bí wọ́n ti ń gbá a, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ń fò kọjá lókè pápá léraléra, ó ń ju àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀, títí ọ̀kan fi ba Gary Knight, ọ̀kan lára àwọn All Blacks, tí ó sì ṣubú. Ní ìgbẹ̀yìn, tí àmì di 22 sí 22, Allan Hewson gbá pẹ́náritì wọlé, New Zealand sì borí pẹ̀lú 25 sí 22.

Ṣùgbọ́n ta ni ó borí ní tòótọ́? Graham Mourie, olórí All Blacks, ti kọ̀ láti bá Springboks gbá bọ́ọ̀lù rárá. Ó yàn láti pàdánù ipò rẹ̀. Àwọn tí ó ju 150,000 lọ ni ó kópa nínú ìfẹ̀hónúhàn, nǹkan bí 1,500 ni a sì fi ẹ̀sùn kàn. Àwọn alátìlẹ́yìn ìrìn àjò náà ń wí pé kí a má ṣe da òṣèlú pọ̀ mọ́ eré. Wọ́n ń tọ́ka sí Errol Tobias, ọmọ àdàlù ẹ̀yà, tí ó wà láàrin Springboks. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Tobias yìí kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan aṣòfin ní ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹni tí ó fi àwọ̀ yan agbábọ́ọ̀lù ni ó kọ́kọ́ gbé òṣèlú wọ pápá.

Àwọn Maori náà bi àwọn òyìnbó afẹ̀hónúhàn ní ìbéèrè kan: kí ni ó dé tí ẹ̀yin fi ń sunkún ìyà òkèèrè, tí ẹ kò rí ti àwa tí a jọ ń gbé? Ìbéèrè yìí kò kúrò nílẹ̀ nígbà tí Springboks lọ. Ó wà lára ohun tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ará New Zealand yẹ ilé ara wọn wò.

Ní 1994 ni Nelson Mandela di ààrẹ Gúúsù Áfíríkà. Ní 1995, lẹ́yìn tí Springboks ti borí All Blacks nínú Ife Àgbáyé ní Johannesburg, ó bẹ New Zealand wò, ó sì bá lára àwọn tí ó fẹ̀hónú hàn ní 1981 pàdé. Wọ́n ti gbọ́ hẹ̀rẹ̀húrù náà láti òkèèrè, wọn kò sì díbọ́n pé àwọn sùn.