Owó Iléyá ní Zongo Niamey: Èsúsú, àpótí àbí àgbò, èwo ló dáàbò bo owó ọdún jù?

Iléyá kì í yọ sí ẹnikẹ́ni lójijì. Ọjọ́ rẹ̀ ti wà nínú kàlẹ́ńdà láti èṣí, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ baálé ilé ni kì í tíì mọ ibi tí owó àgbò yóò ti wá nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Niamey, olú ìlú Niger, níbi tí wọ́n ti ń pe ọdún náà ní Tabaski. Àgbò wà ńbẹ̀, aṣọ ọmọ wà ńbẹ̀, oúnjẹ àlejò wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá wà lájò tún gbọ́dọ̀ fi nǹkan ránṣẹ́ sílé.

Àdúgbò àwọn tó wà lájò sì ni Zongo. Èdè Hausa ni orúkọ náà ti wá, ibi tí àwọn oníṣòwò tó ń rìnrìn àjò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ló túmọ̀ sí, ọ̀pọ̀ ìlú láti Niger títí dé Ghana ló sì ní Zongo tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé gbé olú ìlú kúrò ní Zinder wá sí Niamey ní 1926, ìlú kékeré etí odò ni ibẹ̀. Bó ṣe ń gbòòrò ni àwọn àlejò ń wọlé, Hausa, àti Yorùbá pẹ̀lú. Ẹbí àlejò kì í sábà sí nítòsí tí yóò fi sáré yá owó lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ló ní.

Ta ni yóò kó o ṣáájú ọdún?

Ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ti ṣàlàyé èsúsú nínú rẹ̀: iye kan náà ni oníkálukú ń dá ní àkókò tí wọ́n fi àdéhùn sí, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní susu dòní. Adashi ni Hausa ń pe tiwọn.

Èsúsú dára fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, àmọ́ kò bá ọdún mu tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn 12 bá ń dá a lóṣooṣù, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò kó o lóṣù tó ṣáájú Iléyá, gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ oṣù yẹn. Ẹni tó bá kó tirẹ̀ lẹ́yìn ọdún, gbèsè àgbò ni yóò fi san.

Ní 1991, àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ ètò kan pẹ̀lú àwọn obìnrin ní agbègbè Maradi, tí wọ́n pè ní Mata Masu Dubara, ìyẹn àwọn obìnrin ọlọ́gbọ́n inú. Níbẹ̀, owó kì í lọ sọ́wọ́ ẹnì kan. Inú àpótí ló ń wà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á máa yá a, wọ́n á fi èlé díẹ̀ dá a padà, gbogbo wọn á sì pín in lọ́jọ́ kan náà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lè fi ọjọ́ ìpín náà sí ìgbà tí ọdún bá ku díẹ̀. Láti Maradi ni ètò yìí ti tàn ká Áfíríkà.

Owó tó dín kù láìsí olè

Àmọ́ àpótí kò lè gba owó lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kínní 1994, wọ́n kéde ní Dakar pé CFA 50 tó ń ra owó Faransé kan ti di 100. Kò sí ẹni tó jí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ìdajì agbára owó náà ti lọ tó bá kan ọjà òkèèrè. Ẹran láti Yúróòpù wọ́n ní àwọn ìlú etí òkun, ni àwọn alápatà ibẹ̀ bá yíjú sí màlúù àti àgùntàn ilẹ̀ Sahel. Oṣù Karùn-ún ni Tabaski bọ́ sí lọ́dún náà.

Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin tó ń sin àgbò sínú ilé fi gbọ́n. Wọ́n á ra èyí tó rù, wọ́n á máa fi èèpo jéró àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ bọ́ ọ títí ọdún yóò fi dé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìnáwó náà ń jáde lápò. Lóòótọ́, àgbò lè kú, wọ́n sì lè jí i.

Òṣùpá náà tún ní tirẹ̀. Ọdún rẹ̀ fi bí ọjọ́ 11 kúrú ju ti kàlẹ́ńdà ọ́fíìsì lọ, nítorí náà ẹni tó bá pín owó àgbò sí oṣù 12 ti ọ́fíìsì kò ní í tíì dá a pé. Ní 2015, oṣù Kẹsàn-án ni Tabaski, nígbà tí ìkórè ti ń wọlé. Ní 2024, oṣù Kẹfà ni, nígbà tí àká àgbẹ̀ ti ń gbẹ.

Ọdún 2024 náà kò rọrùn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Keje 2023, ECOWAS ti ẹnubodè, àwọn báǹkì sì dín iye tí oníbàárà lè gbà kù. Oṣù Kejì 2024 ni wọ́n tó gbé ìjìyà náà kúrò. Láàárín àkókò yẹn, ẹni tí owó ọdún rẹ̀ wà nínú àpótí ẹgbẹ́ kò ní í tò sí ẹnu báǹkì.

Ní oṣù Karùn-ún 2025, kí Tabaski tó dé, ìjọba ológun Niger fòfin de kíkó ẹran ọ̀sìn lọ sókè òkun àti sí àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé gbè é, kí owó àgbò má baà ga jù fún ará ìlú. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tó fẹ́ ra àgbò kan ní Zongo. Obìnrin tó ti ń bọ́ àgbò méjì láti oṣù mẹ́rin, tó ń retí oníbàárà láti Nàìjíríà, ní láti tún iye tó fẹ́ pè é rò.