Apá katakata kékeré kò gbé ẹrù mọ́: Kí ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Bí apá katakata bá ń gòkè tìrótìró, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń rò pé póǹpù ló bàjẹ́. Póǹpù sì wọ́n. Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹ tó náwó.

Kí ni iṣẹ́ fáàfù?

Póǹpù ló ń ti ọ́ìlì. Fáàfù ló ń darí rẹ̀. Fáàfù mìíràn ń dá ọ́ìlì padà sínú táǹkì bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù. Bí ìdọ̀tí kò bá jẹ́ kí èyí padé, apá àti garawa yóò jọ rọ.

Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ̀ ọ́. Bó bá ń hó, ó ń fa afẹ́fẹ́. Ẹ pààrọ̀ fílítà rẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá lẹ́yìn eruku ọyẹ́ ní àríwá Nàìjíríà.

Bó bá jẹ́ apá nìkan ńkọ́?

Ẹ gbé apá lélẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì ti ọwọ́ ìdarí síwá-sẹ́yìn kí agbára ọ́ìlì lè tán. Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì fi hóòsì apá sí ojú ihò ti garawa lára fáàfù, kí ó sì fi ti garawa sí ti apá. Bí apá kò bá tíì lágbára, sìlíńdà rẹ̀ ló bàjẹ́. Bí ìṣòro bá ṣí lọ sí garawa, fáàfù ni.

Ìkìlọ̀

Páálí ni kí ẹ fi wá ibi tó ń jò, kì í ṣe ọwọ́. Ọ́ìlì tó ń tú láti ihò tíńtín lè gún awọ ara wọlé. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dúró de ìrora. Ilé ìwòsàn ni kíá, nítorí ó lè di gígé ọwọ́.