Àwo Fọ́tò Gẹ́gẹ́ Bí Òṣùwọ̀n

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: báwo ni àwo fọ́tò ṣe di òṣùwọ̀n? Ní ọjà Owódé, ẹni tí ó fẹ́ ra gàrí a kọ́kọ́ wo ìdí kọ́ńgò, bóyá wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wọnú. Àwo fọ́tò náà ní ìdí tí ó yẹ kí a wò.

Kò jìnnà púpọ̀ sí Owódé ni Ewékorò wà, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fi òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ǹtì ní 1960. Bí màgínísíọ̀mù bá pọ̀ jù nínú sìmẹ́ǹtì, ògiri lè wú kí ó sì sán lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ọ̀nà kan tí a lè fi wá a rí ni pé kí a lọ òkúta náà, kí a fi iná mànàmáná jó o láàárín ọ̀pá èédú méjì, kí a sì ya fọ́tò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí ó ti pín bí òṣùmàrè. Láti 1860 ni Bunsen àti Kirchhoff ti kọ́ wa pé ohun ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀.

Ìlà ń sọ ohun tí ó wà. Iye rẹ̀ ni ó ṣòro. Ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì kì í sọ àwo di dúdú ní ìlọ́po méjì. Ní 1890, Hurter àti Driffield ti ìlú Widnes, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi dídúdú àwo wé lọ́gárítímù ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà. Ìlà tí wọ́n yà tẹ̀ ní ìdí, ó tọ́ ní àárín, ó sì tún tẹ̀ lókè. Ìdí náà gan-an ni ohun tí kò pọ̀ máa ń bọ́ sí. Ẹni tí ó bá fi àárín wọn ìdí yóò ka iye tí ó ju òtítọ́ lọ.

Ní 1925, Baker ti Edinburgh wá àtúnṣe. Bí ibi mímọ́ lórí àwo bá jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ 100 kọjá, tí ibi dúdú sì jẹ́ kí 20 kọjá, a ó fi 20 pín 100, a ó yọ 1 kúrò. Ó ku 4, lọ́gárítímù rẹ̀ sì jẹ́ 0.60. Báyìí ni ìdí tí ó tẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ ni pé ìlà yìí kì í ṣe ohun àyálò. Ó ń yí padà pẹ̀lú irú àwo, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, àti ooru omi tí a fi ń fọ fọ́tò. Ìwọ̀n 20 Sẹ́ńtígíréèdì ni ìwé sábà máa ń béèrè. Omi Ifọ̀ àti Mówé a máa gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi gbígbóná a sì tètè sọ àwo di dúdú. Nítorí náà, ìlà tí wọ́n yà ní Yúróòpù kò lè jẹ́rìí lórí òkúta Ewékorò. Ibi tí a ti fọ àwo ni kí a ti yà á.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́kítíróníìkì ti gba ipò àwo lónìí. Síbẹ̀, òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí: kí a fi ohun tí a mọ̀ dán an wò, kí a tó gba ẹ̀rí rẹ̀ lórí ohun tí a kò mọ̀.