Àmì Ara Asà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo kun ère jagunjagun kékeré kan ní ọ̀dà, tí mo sì fi ọwọ́ ara mi gba orúkọ olórúkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi tí ó ń gbé níbẹ̀. Bàbá òyìnbó kan ni ó ń gbé ilé kejì sí tiwọn, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ohun tí bàbá yìí fi ń najú ni kí ó máa kun ère àwọn náìtì ayé àtijọ́, èyíinì ni àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ń gbé ìhámọ́ra irin wọ̀, tí wọ́n ń gun ẹṣin lọ sójú ogun fún ọba wọn. Ère kọ̀ọ̀kan kò gùn ju oríkèé méjì ìka ọwọ́ lọ. Ó ní tábìlì gbàràmù-gbaramu kan tí ó fi ṣe pápá ogun. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a to ọmọ ogun sí i, wọn a fi tépù wọn ibi tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè rìn dé, wọn a sì ju dáìsì bí ẹni ń ta lúdò kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó ṣubú àti ẹni tí ó kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọdé lásán ni. Ilé iṣẹ́ ológun ni eré yìí ti jáde wá. Ní ọdún 1824, ọmọ ogun Prussia kan tí ń jẹ́ Georg von Reisswitz tẹ ìwé òfin eré ogun orí tábìlì jáde, àwọn ọ̀gágun ibẹ̀ sì ń fi kọ́ bí a ṣe ń darí ogun. Ní ọdún 1893, ilé iṣẹ́ William Britain ní London bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ère ọmọ ogun olójé tí inú rẹ̀ ṣófo. Òjé tí ó ń gbà dín kù, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ mẹ̀kúnnù náà fi lè ní in. Ní ọdún 1913, òǹkọ̀wé H. G. Wells kọ ìwé *Little Wars* fún àwọn tí ó fẹ́ ja ogun yìí nínú ilé wọn. Ìgbà tí ó di ọdún 1971 ni Gary Gygax àti Jeff Perren ní Amẹ́ríkà gbé òfin *Chainmail* jáde fún ogun àwọn ẹlẹ́ṣin ìgbà láéláé. Òjé ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Lóde òní, ike ni ó pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà orí tábìlì ni ó fà mí mọ́ra, bí kò ṣe ọ̀dà. Bàbá a kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kékeré ha ibi tí ike ti yọ ní etí ère, a fọ̀ ọ́, a sì kùn ún ní dúdú láti òkè délẹ̀ kí ọ̀dà mìíràn lè rí ibi dì mú. Lẹ́yìn èyí, a fi búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán nu àwọ̀ irin lé e fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Ibi tí ó yọ sókè nìkan ni yóò mú un. Kòtò inú ẹ̀wù irin náà yóò dúdú síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì wò ó yóò rò pé òrùka irin wẹ́wẹ́ ni a so kọ́ra wọn lóòótọ́. Gbogbo ìyẹn kì í gba bàbá ní àkókò. Asà ni ó máa ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Asà tí kò tóbi ju èékánná lọ, ó lè fi ọjọ́ méjì jókòó tì í, pẹ̀lú awò lójú, pẹ̀lú ìwé ní ṣíṣí níwájú rẹ̀.

Kí ni ó wà lára asà tí ó tó bẹ́ẹ̀? Láti ọ̀rúndún kejìlá ni àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àmì ìdílé sára asà wọn: kìnnìún, idì, òdòdó, àgbélébùú, tàbí ilà gbọọrọ. Nígbà tí àṣíborí irin sì wá bo ojú pátápátá, tí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá di irin kan náà, àmì yìí nìkan ni ojú tí ènìyàn ní. Ọmọ a máa jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá. Àwọ̀ rẹ̀ ní òfin: wúrà àti fàdákà ni wọ́n ń pè ní irin, pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé àti elése àlùkò ni wọ́n ń pè ní àwọ̀. Wọn kì í gbé irin lé irin, wọn kì í sì í gbé àwọ̀ lé àwọ̀, kí ojú lè tètè rí àmì náà láti òkèèrè. Àwọn akéde ni ó ń tọ́jú ìmọ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn arọ́kin ṣe ń tọ́jú ìtàn ọba ní Ọ̀yọ́. Àwọn náà ni ó ń rìn láàárín òkú nígbà tí ogun bá tán, tí wọ́n ń ka àmì, tí wọ́n ń dárúkọ.

Ní ọjọ́ kan, bàbá fi ẹlẹ́ṣin kan lé mi lọ́wọ́ pé kí èmi náà gbìyànjú. Charles, Dúùkù ìlú Orléans, ni ère náà dúró fún, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá Faransé tí wọ́n dojú kọ Henry Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Agincourt ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1415. Mo kun asà rẹ̀ ní búlúù, mo ya òdòdó lílì mẹ́ta aláwọ̀ wúrà sí i. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n, inú mi sì dùn. Bàbá gbé e sójú, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, o ti mú ọba wá sí ogun tí kò lọ.”

Ọ̀já fàdákà tín-ínrín kan tí ẹsẹ̀ mẹ́ta yọ lára rẹ̀ ni mo gbàgbé láti yà sí òkè asà náà. Bí a bá yọ ọ̀já yẹn kúrò, àmì ọba Faransé gan-an ni ó kù. Ọba ọ̀hún, Charles Kẹfà, kò sì sí ní Agincourt. Àìsàn ọpọlọ ti ń bá a fínra láti ọdún 1392. Ọmọ àbúrò ọba ni Dúùkù yìí jẹ́. Ọ̀já náà ni ó ń wí pé ilé ọba ni ó ti wá, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọba.

Mo ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ọ̀já kékeré ni.” Kò dá mi lóhùn lórí ìyẹn. Ìtàn ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Ní ayé ìgbà náà, àmì ara ẹ̀wù lè gba ẹ̀mí là. Ọlọ́lá tí a bá mú lójú ogun, ẹbí rẹ̀ yóò fi owó rà á padà. Nítorí náà, bí ẹni tí ó mú un bá ti dá a mọ̀, yóò dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Abẹ́ òkìtì òkú ni wọ́n ti fa Charles yìí jáde láàyè. Ó lo 25 ọdún ní ìgbèkùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1440 ni ó tó padà sílé, ṣùgbọ́n ó padà. Ti Antoine, Dúùkù ilẹ̀ Brabant, kò rí bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti sọ ọ́, Antoine pẹ́ kí ó tó dé. Ó sáré ṣíwájú, ó fi ẹrù àti ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ sẹ́yìn. Ó yá ìhámọ́ra ìránṣẹ́ rẹ̀ wọ̀. Nígbà tí kò sì rí ẹ̀wù tí ó ní àmì tirẹ̀, ó já àsíá tí ó wà lára kàkàkí, ó lu ihò sí àárín rẹ̀, ó ki orí bọ̀ ọ́, ó sì kó wọ ìjà. Wọ́n mú un. Nígbà tí Henry rò pé àwọn Faransé tún ń bọ̀ wá kọlu òun, ó pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn òǹdè. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé Dúùkù ni ọkùnrin tí àkísà àsíá wà lọ́rùn rẹ̀ yìí. Wọ́n pa á mọ́ àwọn yòókù.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa. Ní ìgbà ogun ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilà ojú ni ẹbí fi ń dá ọmọ wọn mọ̀ láàárín ẹni tí a kó lẹ́rú. Bàbá mi kọ abàjà. Ibikíbi tí ó bá dé, ilé rẹ̀ wà lójú rẹ̀, kò sì lè gbàgbé rẹ̀ sílé bí Antoine ṣe gbàgbé ẹ̀wù. Èmi kò kọ ilà. Mo mọ̀ pé ilà kíkọ dun ọmọdé, n kò sì kọ ọ́ fún ọmọ tèmi náà. Síbẹ̀, bí mo ti di ère náà mú lọ́wọ́, mo bi ara mi léèrè ohun tí a ó fi dá wa mọ̀.

Àwọn tafàtafà ni ó dá mi lóhùn. Ní ọdún 2015, nígbà tí ogun Agincourt pé 600 ọdún, wọ́n ṣe àwòrán ojú ogun náà fún ilé ìṣúra ohun ìjà tí ń jẹ́ Royal Armouries, pẹ̀lú ère tí ó lé ní 4,000 tí àwọn ìbejì kan, Alan àti Michael Perry, gbẹ́ àwòṣe wọn. Bí a bá wò ó dáadáa, díẹ̀ ni ó ní àmì ìdílé lára. Tafàtafà ni ó pọ̀ jù nínú ọmọ ogun Henry, ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́. Àgbélébùú pupa ti St George tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, apá tí ènìyàn wà ni ó ń sọ. Kì í sọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́. Nígbà tí àwọn akéde ń ka òkú, kò sí ohun tí wọ́n lè kà lára irú wọn.

Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá bóyá ìdí nìyí tí kì í fi í pẹ́ lórí aṣọ tafàtafà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ojú wọn ni òun ń pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ojú tiwọn wà ní gbangba. Ó wá dojú ọ̀kan délẹ̀ fún mi. Lábẹ́ ìdúró rẹ̀, orúkọ ọkùnrin kan ni ó fi kálámù tín-ínrín kọ síbẹ̀. Mo yí òmíràn padà, orúkọ wà níbẹ̀ náà. Inú ìwé tí ọba fi ń san owó ọ̀yà ni orúkọ wọ̀nyí wà, tí a tọ́jú sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew. Àwọn ọ̀mọ̀wé bí Anne Curry àti Adrian Bell sì ti ṣe aáyan láti kó irú orúkọ bẹ́ẹ̀ jọ sórí kọ̀ǹpútà kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Bàbá kò lè mọ ojú tí ó jẹ́ ti orúkọ wo. Ó kàn ń fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ni.

Ẹni tí kò ní àmì lára, ìwé ni yóò dá a mọ̀, bí ẹnìkan bá kọ ọ́, tí ẹlòmíràn sì kà á. Mo gba ẹlẹ́ṣin mi padà, mo sì ya ọ̀já fàdákà náà sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo nù ún nù kí ó tó gún.