Bí A Ti Ń Ṣe Nílé Wa, Èèwọ̀ Ibòmíràn: Òfin Ọtí ní Ìlú Ìwó

Àwọn kan gbà pé ẹ̀sìn tí ó ti òkèèrè wá ni ó kọ́kọ́ kọ́ Yorùbá ní ìkóra-ẹni-níjàánu nípa ọtí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀sìn wọ̀nyí tó dé ni ẹmu ti jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá, nítorí ìtàn tí ó sọ pé ẹmu pa òrìṣà náà títí ó fi sùn lọ nígbà tí ó yẹ kí ó dá ilé ayé. Nínú agbo ilé kan náà, ológùn-ún lè máa mu ẹmu kí ọlọ́bàtálá má fi ẹnu kàn án. Òfin ọtí a máa wo ẹni, a máa wo ilé, a sì máa wo ọjọ́. Àlejò tí ó bá fẹ́ mọ ìlú Ìwó ní láti ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìwó wà lára àwọn ìlú Yorùbá tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fi gbòǹgbò múlẹ̀ jù lọ. Olúwòó Mọ́módù Lámúyẹ, tí ó wàjà ní 1906, jẹ́ Mùsùlùmí. Ní ayé rẹ̀ ni a ń fi òfin Ṣàríà dá ẹjọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ẹdẹ ní ayé Tìmì Àbíbù Lágúnjú. Òfin náà ka ọtí léèwọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ rẹ̀.

Ojú mìíràn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi wo ọ̀rọ̀ náà. Àdéhùn Brussels ti 1890 pàṣẹ pé kí ọtí líle má ṣe wọ apá ilẹ̀ Áfíríkà tí kò tíì dé, kí a sì máa gba owó ibodè lórí rẹ̀ níbi tí ó bá ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ka jíìnì léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Àríwá Nàìjíríà. Ìlọrin bọ́ sábẹ́ òfin yìí. Ìwó kò bọ́ sí i. Èdè kan náà ni ìlú méjèèjì ń sọ, ọ̀nà kan náà ni Mùsùlùmí wọn ń gbà kírun. Ààlà tí àwọn aláṣẹ fà ni ó yà wọ́n. Ní Gúúsù, owó ibodè orí jíìnì ń bọ́ ìjọba, ìjọba kò sì fẹ́ pàdánù rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo títí. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ti 1909 dáhùn pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọtí ń ba àwọn ènìyàn jẹ́. Àdéhùn ti 1919 ni ó wá dá jíìnì olówó pọ́ọ́kú dúró, tí ó sì ka sísè ọtí líle léèwọ̀. Lẹ́yìn náà ni ògógóró di ohun tí a ń sè ní ìkọ̀kọ̀ ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ilé ọtí pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ẹmu kì í pẹ́ kí ó tó kan. Ẹmu tí ó dùn ní òwúrọ̀ ti ń le ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, kò jìnnà sí ibi tí adẹ́mu ti sọ̀kalẹ̀ ni a ti ń mu ún, láàárín ẹni tí ó mọ ara wọn, ojú àgbà sì ń tó o. Bíà inú ìgò, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ní Èkó ní 1949, ni ó yí èyí padà. Bíà ń pẹ́ nílẹ̀, ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, àjèjì sì lè tà á fún àjèjì, bí ó bá ti ní ìwé àṣẹ.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi àṣẹ lórí ọtí títà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tà ni ìwé àṣẹ náà ń bá wí. Kò sọ fún ẹni tí ń mu bí ó ti yẹ kí ó ṣe nínú agbo ilé tí wọ́n ti ń gba ààwẹ̀, tàbí ní Yunifásítì Bowen, ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìwó ní 2002, tí kò sì gba ọtí láàyè. Ohun tí ìwé kò sọ, onílé ni yóò sọ ọ́. Kí àlejò kọ́kọ́ bi í léèrè. Òpìtàn tí ó bá sì ka ìwé òfin nìkan yóò rò pé Ìwó kò ní òfin ọtí rí, nígbà tí ó jẹ́ pé òfin náà wà nínú ilé, lẹ́nu àwọn tí ó ni ín.