"Rehearse": Ọ̀rọ̀ Tó Ti Oko Wá

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí: rehearse. Bí a bá ti gbọ́ ọ báyìí, ọkàn wa á lọ sọ́dọ̀ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àwọn eléré orí ìtàgé tó ń dán iṣẹ́ wọn wò. Ìyẹn kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1300, ohun tó túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì ni "tún sọ", tàbí "rò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin".

Níbo ló ti wá? Oko ni o! Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé rọ́ wọ inú èdè wọn. Ọ̀kan ni rehercier. Herce ni irinṣẹ́ eléyín kan tí ẹranko máa ń wọ́ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti tú, kó lè fọ́ ògúlùtu wẹ́wẹ́. Re- ló ń sọ pé wọ́n tún un ṣe. Bí àgbẹ̀ ṣe ń padà sórí ilẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ lé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ.

Kò tán síbẹ̀. Nínú herce yìí kan náà ni hearse, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú, ti jáde. Férémù àbẹ́là tí wọ́n ń gbé sókè pósí ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ó jọ irinṣẹ́ oko náà.

Nígbà tí Shakespeare fi máa kọ A Midsummer Night's Dream, ní nǹkan bí 1595, àwọn eléré ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra. Àmọ́ ìtumọ̀ àtijọ́ kò kú. Ìwé Àdúrà Áńgílíkà ti 1662 ní kí àlùfáà rehearse Òfin Mẹ́wàá níwájú ìjọ. Àbí ẹ rò pé ó fẹ́ lọ dán an wò ni? Rárá, kó kà á ketekete sí wọn létí ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé àtijọ́, ẹ ṣọ́ra o. Ká ní àkọsílẹ̀ kan sọ pé ọba kan rehearse ẹjọ́ rẹ̀ níwájú gómìnà òyìnbó. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ òní kà á lè ní wọ́n ti kọ́ ọba lóhun tó máa sọ, bẹ́ẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ ló rò láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹni tó ti kú kò lè dìde gbèjà ara rẹ̀. Torí náà, kẹ́ ẹ tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́.